Ọkọ́ Tí Kò Kọ Ebè Kan

Ọkọ́ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi tí kò kọ ebè kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Igi ìdìmú rẹ̀ gùn débi èjìká mi, irin rẹ̀ kò sì dípẹtà títí di òní. Ìbẹ́pẹ ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi já. Bí wọ́n bá bi mí pé, "Màmá àgbà, irú ọkọ́ wo lèyí?" mo máa ń ní kí wọ́n gbé e padà síbi tí wọ́n ti mú un, kí wọ́n má fi ìbéèrè yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọkọ́ náà ń dùn mí ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi ba nǹkan jẹ́, mi ò sì pariwo, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo sọ.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi ní Ìlọrà. Ọkọ́ àti àdá ló ń rọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ìyẹn. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, mo ti wà nílé ọkọ, mo ti bímọ méjì, èmi ni mo sì ń bá Bàbá ta ọjà rẹ̀. Ìsọ̀ mi wà ní Fìdítì, létí títì, láàárín àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn onímọ́tò. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni ọjà mi kì í rà. Mo ka ìwé mẹ́fà ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mùsùlùmí ni Bàbá, mo sì tún lọ sí ilé ìwé mọ́dà lẹ́yìn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi já gaara, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́.

Bàbá mi kì í ta ọkọ́ fún ẹni tí òun kò bá mọ ibi tó ń dáko sí. "Ilẹ̀ ibo lo fẹ́ fi kọ?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ́ tó bá rọ fún ará Akínmọ̀ọ́rìn, kò ní rọ irú rẹ̀ fún ẹni tó ń dáko lẹ́yìn Àwẹ́, nítorí ilẹ̀ ibì kan rọ̀, ti ibì kan ní òkúta. Bí oníbàárà bá ní òun ò tí ì mọ ibi tí òun máa dáko sí, Bàbá á ní kó lọ mọ̀ ọ́n kó tó padà wá. Ó máa ń bí mi nínú! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn? Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ ká máa kó ọkọ́ lọ sí Ìbàdàn, ká máa kó o lọ sí Ìlọrin. Ó ní, "Ta ló mọ ilẹ̀ ibẹ̀?" Ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń kúrò lóko, Èkó ni wọ́n ń wọ́ lọ, àwọn tó ń ra ọkọ́ sì ń dín kù lójú mi. Mo ń wò ó pé ebi ló máa gbẹ̀yìn iṣẹ́ wa.

Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ kékeré kan dúró ní Fìdítì, wọ́n fẹ́ ra ọsàn. Òyìnbó kan sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe irú òyìnbó tí a mọ̀. Ará Japáànù ni. Ó kúrú, òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó fi ọlọ́sàn sílẹ̀, ó wá síwájú ìsọ̀ mi, ó mú ọkọ́ kan, ó fi èékánná ta á, ó sì gbé e sétí. Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, nítorí irin tó bá ti sán nínú kì í dún délẹ̀.

"Ta ló rọ èyí?" Ó béèrè.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Alágbẹ̀dẹ ni òun náà, àti bàbá rẹ̀, àti àwọn tó bí bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀dẹ wọn kò tóbi, àwọn méje péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó fi fọ́tò wọn hàn mí, bàbá rẹ̀ dúró láàárín, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní ẹ̀rọ ti gba oko lọ́wọ́ ọkọ́ ní ìlú àwọn, bàbá òun sì ti ní kí iná àgbẹ̀dẹ náà kú pẹ̀lú òun, pé ó ti ṣiṣẹ́ tó. Òun ló kọ̀. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi ọkọ́ ro kò tí ì tán láyé, pé òun á wá a kàn, ì báà jẹ́ ní òdìkejì òkun. Ó bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi fún un láyè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọkọ́ wọn bá tà nílẹ̀ wa, iná á máa jó. Bí kò bá tà, ó parí.

Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé, ẹ wo ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí bàbá tèmi kọ̀ láti ṣe! Ọjọ́ náà gan-an ni mo mú un lọ sí Ìlọrà.

Mo rò pé Bàbá á lé wa ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ẹ̀mú sí i. Ọkùnrin náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó ti iná, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn ò gbédè ara wọn, wọn ò sì nílò rẹ̀. Bí Bàbá bá na ọwọ́, òyìnbó náà ti mọ ohun tó ń fẹ́. Bí irin bá pọ́n tó, àwọn méjèèjì á jọ mira lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín ní àgbẹ̀dẹ, ń rẹ́rìn-ín. "Àṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wa," ló ń wí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọkùnrin náà fi ń ti Ọ̀yọ́ wá lójoojúmọ́, mi ò sì rí bàbá mi kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní òun fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń lò ó lóko. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Akínmọ̀ọ́rìn, oníbàárà wa tipẹ́tipẹ́. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọ ebè iṣu. Òyìnbó náà dúró, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹ̀yìn ìyá òun ti tẹ̀ pátápátá nítorí iṣẹ́ oko, pé bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ló ń rìn. Ó ní kí ló dé tí ènìyàn á fi máa tẹ̀ báyìí? Ó fa ìwé yọ, ó ya ọkọ́ kan, igi rẹ̀ gùn, ẹnu irin rẹ̀ sì kọjú síta, kí ẹni tó ń lò ó lè nàró. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ti rọ ọ̀kan ní àgbẹ̀dẹ wa, a sì gbé e padà lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn.

Bàbá àgbàlagbà náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó sán an lẹ́ẹ̀mejì, erùpẹ̀ ń já bọ́ kó tó débi tó ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó mà dára o! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Ó gbé e lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì mú ọkọ́ tirẹ̀.

Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sí ọkọ̀ ni bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ dúró gbagidi sáàárín oko bí òpó tẹlifóònù? Ṣé òkèèrè ni wọ́n ti ń kọ ebè ni? Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń yà sí i, wọ́n á fa erùpẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn ọkọ́ lù ú kó dì. Igi gbọọrọ yìí, ibo ni mo fẹ́ kó gbà?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nínú ọkọ̀, ọkùnrin náà bi mí pé, "Kí ló wí? Ṣé ó dára?" Mo ní ó ní ó dára. Nígbà tí a dé ìkóríta, ó tún béèrè. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wa, ó tún béèrè. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi ọmọ alágbẹ̀dẹ ni kò yé! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bi mí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dá a lóhùn pé, "Ó dára, ó dára púpọ̀."

Ẹ má ṣe yára bú mi. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Àlejò gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ, ó ń wò ọ́ lójú, ṣé o máa là á mọ́ ọn pé kò wúlò? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Bí ẹnìkan bá ń yin ọjà rẹ, tó ń yìn ín ṣáá, tí kò béèrè iye tí ò ń tà á, o ti mọ̀ pé kò fẹ́ rà á. Mo rò pé òun náà á mọ̀ ni. Ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti ṣèlérí fún mi pé èmi ni màá máa bá àwọn ta ọkọ́ náà, láti Fìdítì dé Ọ̀yọ́. Mo ti ń rí ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi páànù tuntun bò. Bí mo bá ní ọkọ́ náà kò dára, ó lè palẹ̀ mọ́ kó máa lọ.

Ọjọ́ tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó wá dágbére fún Bàbá. Bàbá gbé ọkọ́ gígùn náà sórí itan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi oríkì mi pè mí. Bó bá ti fi oríkì pè mí báyìí, kò fẹ́ eré.

"Bá mi sọ fún un. Irin rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n kó gé igi yìí kúrú, kó sì tẹ ọrùn irin yìí wálẹ̀. Bó bá rọ ọ́ báyìí wá, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé alágbẹ̀dẹ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Sọ ọ́ bí mo ṣe wí i."

Mo yíjú sí òyìnbó náà. Mo ní, "Bàbá mi ní irin yín dára ju tòun lọ. Ó ní kí ẹ máa lọ láyọ̀. Ó ń ṣàdúrà fún yín."

Ìdá kan nínú ohun tí Bàbá wí ni mo sọ. Mo ní màá kọ ìyókù sí i nínú lẹ́tà tó bá yá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọ́nà tí kò ní dùn ún. Ọkùnrin náà dìde, ó tẹ̀ síwájú títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, omi sì wà lójú rẹ̀. Bàbá mi ojú rẹ̀ dán. "Ó gbọ́," ló wí. "Ẹ wo bó ṣe ń tẹríba. Ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ni." Mi ò kọ lẹ́tà kankan. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan já ọkọ́ sílẹ̀ ní Fìdítì títí ìsọ̀ mi kún dé ẹnu ọ̀nà. Irin tó ń kọ mọ̀nà, igi gbọọrọ. Àwọn èèyàn wá láti gbogbo abúlé wá wò ó. Wọ́n gbé e, wọ́n fi èékánná ta á, wọ́n gbé e sétí. "Iṣẹ́ ńlá! Òyìnbó mà gbọ́n o!" Wọ́n á gbé e lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á lọ ra ọsàn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ìyìn láàárọ̀, mo ń gbọ́ ìyìn ní ìrọ̀lẹ́, títí gbogbo ayé fi kọ ebè wọn tán.

Ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀. Ó wo òkìtì ọkọ́, kò pariwo. Ó mú ọ̀kan, ó gé igi rẹ̀ kúrú, ó gbìyànjú rẹ̀ nílẹ̀ ẹ̀yìn ìsọ̀ mi. Ẹnu irin ń kọjú síta, kò bu ilẹ̀. Ó lóye. Ó ní ọrùn irin náà ló yẹ kí wọ́n fi iná tẹ̀ wálẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tó bá mọ iná nìkan ló lè ṣe é kí irin náà má bàjẹ́. Ó wò mí. "Bàbá yín," ló wí. "Bàbá yín lè ṣe é." Ó ní òun á bá a ṣe é, òun ò ní padà sílé títí yóò fi parí.

Bàbá jókòó síwájú àgbẹ̀dẹ nígbà tí a dé. Ó rí ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, kò na ọwọ́ gbà á.

"Ṣé kì í ṣe ohun tí mo ní kó má ṣe nìyí?" Ohùn rẹ̀ tutù. "Ó tẹríba fún mi. Ó tẹríba mọ́lẹ̀, ó lọ, ó ṣe tinú ara rẹ̀. Ẹni tó fojú di mí nínú iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ṣé iná mi ló tún kù tó fẹ́ lò?" Ó wá kọjú sí mi. "Àbí o ò sọ fún un bí mo ṣe wí?"

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Bí mo bá ní, "Mi ò sọ ọ́, Bàbá," ó lè gbá mi létí, ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, ṣùgbọ́n yóò dáná. Mo mọ bàbá mi. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, iná ìbá ti máa jó.

Mo ní, "Mo sọ ọ́, Bàbá."

Ọkùnrin náà ń wò wá láti ojú dé ojú. "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní òun ti darúgbó, agbára òun ò ká irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó wo apá bàbá mi, apá tó ṣì ń gbé owú sókè bí ẹni gbé ṣíbí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n Bàbá ló rò pé ó pa á. Kò béèrè mọ́. Ó tẹríba díẹ̀, kò jìn bíi ti ìṣáájú, ó sì jáde. Oníṣòwò kan tó ń ra irin àlòkù ní Ìbàdàn ló kó gbogbo ọkọ́ náà lọ. Ọ̀kan ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún mi, òun ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi yìí. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́tà rẹ̀ dé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ní bàbá òun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná àgbẹ̀dẹ àwọn. Ó ní ní ìlú tòun náà, bí nǹkan ò bá dára, "ó dára" ni wọ́n ń sọ fún àlejò, pé ká ní ilé lòun wà, ẹ̀rín bàbá Akínmọ̀ọ́rìn yẹn nìkan ti tó fún òun láti lóye. Ṣùgbọ́n òun rò pé àwọn tó wà ní òdìkejì òkun máa ń sọ tinú wọn, pé àṣìṣe òun nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá mi ni òun gbára lé ní tòótọ́, nítorí alágbẹ̀dẹ kì í tan alágbẹ̀dẹ jẹ. Ó ní kí n bá òun kí i.

Bàbá ń fín iná nígbà tí mo mú lẹ́tà náà dé. "Kí ló kọ?"

"Ó kí yín, Bàbá. Wọ́n ti ti àgbẹ̀dẹ wọn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹwìrì. "Iná ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi ẹwìrì sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pa á. Ìṣẹ́jú mélòó ni mo fẹ́ fi tẹ ọrùn ọkọ́ kan? Nítorí pé ọmọdé ò gba ìmọ̀ràn mi, mo jẹ́ kí iná ẹlẹgbẹ́ mi kú. Irú ìbínú wo nìyẹn? Mú ìwé. Kọ ọ́ sí i pé kó dárí jì mí. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i."

Mo kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Bàbá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe sọ fún un pé kó gé igi kúrú, bó ṣe sọ fún un pé kó tẹ ọrùn irin wálẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá dé ọ̀hún, ọkùnrin yẹn á mọ ohun tí mo ṣe. Mo dì í, mo kọ àdírẹ́sì sí i lára, mo sì lọ fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá tún lò láyé, kò sì sí ọjọ́ ọjà kan tí mo ti Fìdítì dé tí kì í béèrè pé, "Òyìnbó yẹn ò tí ì fèsì?" Màá ní, "Wọn ò tí ì fèsì, Bàbá." Á ní, "Ó ń bínú sí mi ni. Ó tọ́ sí i." Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an, ó béèrè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní wọn ò tí ì fèsì. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí mi.